Èmi náà ti kọ́ ọmọ láti parọ́ lórí fọ́ọ̀mù

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Lẹ́tà yìí máa gùn díẹ̀, ẹ má bínú, ìwé ìròyìn yín ló fà á. Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ẹnì kan kọ̀wé sí yín láti Adó-Èkìtì pé kí wọ́n gbé gbogbo ìpín ààyè iléèwé àti ààyè iṣẹ́ fún kọ̀ǹpútà, kí ojúsàájú lè dópin. Ó ní kọ̀ǹpútà kò ní ẹ̀gbọ́n, kò ní àna, kò sì mọ ọmọ káńsẹ́lọ̀ yàtọ̀ sí ọmọ àgbẹ̀. Mo rẹ́rìn-ín, nítorí òótọ́ ọ̀rọ̀ ni. Àmọ́ ó kù síbì kan. Kọ̀ǹpútà kì í dá nǹkan pín. Òfin tí èèyàn kọ sínú rẹ̀ ló ń tẹ̀ lé. Bí òfin yẹn bá wọ́, á pín in ní wíwọ́, kíá, kò sì ní sí ẹni tí èèyàn lè lọ bẹ̀.

Olùkọ́ ìṣirò ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Mo wọṣẹ́ ní 1983, nígbà tí a ṣì wà lábẹ́ Ìpínlẹ̀ Oǹdó. Nígbà tí wọ́n dá Ìpínlẹ̀ Èkìtì sílẹ̀ ní 1996, kíláàsì tí mo wà náà ni mo wà, ẹfun kan náà ló wà lọ́wọ́ mi. Mo fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 2018. Ìyá Oníṣirò ni wọ́n ń pè mí ní Ìkọ̀lé títí dòní, àwọn ọmọ tí mo nà sì ti di bàbá ọmọ. Ní ọdún mélòó kan tó gbẹ̀yìn iṣẹ́ mi, wọ́n fi ìgbaninímọ̀ràn kún un fún mi, pé kí n máa ran àwọn ọmọ SS3 lọ́wọ́ bí wọ́n bá fẹ́ yan yunifásítì. Ibẹ̀ ni mo ti dá ẹ̀ṣẹ̀ tí mo fẹ́ jẹ́wọ́ lónìí.

Ọmọ á wọlé, á kí mi, á ní, "Mà, yunifásítì báyìí ni mo fẹ́ràn jù, báyìí ló tẹ̀ lé e." Èmi á wo máàkì ìdánwò àṣewò rẹ̀, màá mi orí. "Gbé ìkejì yẹn lọ sókè. Àkọ́kọ́ yẹn, pa á rẹ́." Mi ò kórìíra ọmọ o. Ohun tí gbogbo wa mọ̀ ni pé ọ̀pọ̀ yunifásítì ló ń sọ ọ́ ní gbangba pé àwọn kò ní wo ẹni tí kò fi àwọn ṣe fáàsì ṣọ́ìsì. O lè gba máàkì ju ẹni tí wọ́n mú lọ. Bí orúkọ wọn bá wà ní ipò kejì lórí fọ́ọ̀mù rẹ, o ò sí níbẹ̀. Ipò kìíní wá di tẹ́tẹ́, èmi ni mo sì ń bá wọn ta á. Lọ́jọ́ Ìsinmi, mò ń kọ́ ọmọ ní ṣọ́ọ̀ṣì pé kí bẹ́ẹ̀ ni wọn jẹ́ bẹ́ẹ̀ ni. Tó bá di ọjọ́ Ajé, mò ń kọ́ wọn láti kọ ohun tí kò sí lọ́kàn wọn sórí ìwé, kí wọ́n sì fọwọ́ sí i.

Ọmọbìnrin mi kejì nìkan ni kò gbà. Ó ní, "Mọ́mì, ohun tó wù mí ni wọ́n ní kí n kọ." Ó kọ ọ́ bó ṣe wù ú. Máàkì mẹ́ta péré ló kù kó wọ ti àkọ́kọ́. Ní ti ìkejì, ó fi máàkì 19 ju ẹni tí wọ́n gbà kẹ́yìn lọ nínú ẹ̀kọ́ tó fẹ́ kà, wọ́n sì ní kó máa lọ sílé. Odindi ọdún kan ló fi ń bá mi gúnyán. Nígbà míì tó bá gbé ọmọ odó sókè, á wò mí, èmi á sì wo inú odó.

Ẹ jẹ́ kí n wá sọ èyí tí mo fọwọ́ ara mi dá. Lẹ́yìn tí mo fẹ̀yìn tì, ẹgbẹ́ ọmọ ìlú kan bẹ̀rẹ̀ sí í san owó iṣẹ́ fún àwọn ọmọ tó jáde sẹ́kọ́ńdìrì tí kò rówó lọ síwájú, kí wọ́n lè kọ́ iṣẹ́ ọwọ́ lọ́dọ̀ àwọn ọ̀gá. Wọ́n fi mí ṣe akọ̀wé. Ọmọ kọ̀ọ̀kan á kọ iṣẹ́ tó fẹ́ láti ipò kìíní dé ìkẹrin. Ọ̀gá kọ̀ọ̀kan náà á dán wọn wò, á sì to orúkọ wọn bó ṣe fẹ́ wọn sí. Onísólà fún wọn ní ìṣirò díẹ̀, àti wáyà méjì pẹ̀lú gílóòbù kan. Télọ̀ fún wọn ní abẹ́rẹ́ àti ègé àńkárá pé kí wọ́n ṣẹ́ etí rẹ̀. Káfíńtà ní kí wọ́n fi ayùn gé pákó lórí ìlà. Wẹ́dà kàn wo ọwọ́ wọn ni, ó ní òun ti mọ̀.

Ọmọ tí a ní pọ̀ ju bẹ́ẹ̀ lọ, àmọ́ mẹ́rin ni mo máa mú kí ẹ lè bá mi kà á. Iṣẹ́ òbí wọn ni màá fi pè wọ́n: ọmọ elépo, ọmọ oníyán, ọmọ awakọ̀ àti ọmọ lébìrà. Ààyè kan ṣoṣo ló kù lọ́dọ̀ ọ̀gá kọ̀ọ̀kan.

Ọmọ elépo fẹ́ sólà. Bí kò bá rí i, télọ̀. Lẹ́yìn náà káfíńtà. Wẹ́dà ló kọ kẹ́yìn, ó tilẹ̀ fi báírò fa ìlà sí abẹ́ rẹ̀ bí ẹni ń bẹ̀bẹ̀. Ọmọ oníyán náà fẹ́ sólà, ó fi télọ̀ tẹ̀ lé e, wẹ́dà ṣe ìkẹta. Ọmọ awakọ̀ fẹ́ télọ̀ jù, ó fi sólà tẹ̀ lé e, wẹ́dà ṣe ìkẹta. Ọmọ lébìrà ò fẹ́ nǹkan méjì, káfíńtà ni. Ní ti àwọn ọ̀gá, onísólà fẹ́ ọmọ awakọ̀ jù, ọmọ oníyán tẹ̀ lé e, ọmọ elépo ṣe ìkẹta. Télọ̀ ní ọmọ elépo ló mọ abẹ́rẹ́ dì mú jù, lẹ́yìn rẹ̀ ọmọ awakọ̀, lẹ́yìn rẹ̀ ọmọ oníyán. Káfíńtà ní ọmọ lébìrà lòun fẹ́, ó tán.

Bí gbogbo ayé ṣe ń pín in ni a ṣe pín in lọ́dún àkọ́kọ́. A wo ipò kìíní gbogbo wọn. Ẹni méjì fẹ́ sólà, onísólà mú ọmọ oníyán nítorí ó fẹ́ ẹ ju ọmọ elépo lọ. Télọ̀ gba ọmọ awakọ̀, òun nìkan ló fi í ṣe àkọ́kọ́. Káfíńtà gba ọmọ lébìrà. A fi gègé pupa yí orúkọ àwọn mẹ́ta po, ìyẹn ti parí. Ó wá ku ọmọ elépo. Ipò kejì rẹ̀, télọ̀: ó ti kún. Ìkẹta, káfíńtà: ó ti kún. Wẹ́dà ló bọ́ sí, ibi tó fa ìlà sí lábẹ́.

Télọ̀ fúnra rẹ̀ ló kọ́kọ́ wá bá mi. "Màámi, ọmọ tó fọwọ́ ránṣọ dáadáa jù lójú mi, ẹ ti gbé e fún wẹ́dà?"

Mo ní, "Ààyè yín ti kún."

Ó ní, "Ta ló kún un? Ẹni tí mo fi ṣe ìkejì ni mo rí yìí."

Mi ò rí èsì fọ̀. Ẹ gbọ́ o, mi ò sọ pé obìnrin kò lè jó irin pọ̀. Mo ti rí géètì tí obìnrin ṣe tó ju ti ọkùnrin lọ. Ẹni yìí ni kò fẹ́ ẹ. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà ló lò níbẹ̀ kó tó padà sí ìsọ̀ ìyá rẹ̀. Ìyá náà wá bá mi láàárọ̀ ọjọ́ kan, epo ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò tilẹ̀ jókòó. Ó bi mí léèrè pé bí ọmọ òun bá ti kọ télọ̀ sí ipò kìíní láti ìbẹ̀rẹ̀, ṣé á ti rí i gbà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, á rí i gbà. Ó ní, "Kí ló wá dé tẹ́ ẹ fi ní kó kọ òótọ́?"

Ọ̀rọ̀ yẹn tàn kálẹ̀ ju bí mo ṣe rò lọ. Nígbà tí fọ́ọ̀mù ọdún kejì wọlé, mo tú u wò, mo rí i pé ọmọ tó ju ìlàjì lọ ló fi wẹ́dà sí ipò kìíní. Kò sẹ́ni tó fẹ́ wẹ́dà tó bẹ́ẹ̀ nílùú yìí. Wọ́n ti gbọ́ pé ibẹ̀ kì í tètè kún ni. Bí mo bá gbé fọ́ọ̀mù yẹn fún kọ̀ǹpútà tí akọ̀wé yín ń sọ, ọ̀pọ̀ nínú wọn ló máa rí "ohun tí wọ́n fẹ́" gbà, ẹgbẹ́ á sì kọ ọ́ sínú ìròyìn ọdún pé a ṣe dáadáa.

Ọmọkùnrin mi tó jẹ́ dókítà ní Amẹ́ríkà ni mo ké gbàjarè sí lórí fóònù. Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Mọ́mì, ṣebí ìṣirò ló gbé èmi gan-an dé ìlú tí mo wà yìí." Ó ní àwọn dókítà tó ń wá ibi tí wọ́n á ti kọ́ṣẹ́ sí i níbẹ̀ máa ń to orúkọ ọsibítù bí wọ́n ṣe fẹ́ wọn sí, àwọn ọsibítù náà á to orúkọ dókítà, a ó wá kó gbogbo rẹ̀ sẹ́nu ẹ̀rọ kan. Ó ti wà láti 1952, àwọn tó ń gbà á kọjá lọ́dún kan báyìí sì lé ní 40,000. Mo bi í pé ipò kelòó ni ọsibítù tó ti kọ́ṣẹ́. Ó ní ìkẹta. Mo ní ṣé kò dùn ún pé ó kọ òótọ́. Ó ní àwọn tí àkọ́kọ́ àti ìkejì mú, àwọn ni wọ́n fẹ́ jù òun lọ, kò sì sẹ́ni tó fìyà jẹ òun nítorí òun kọ orúkọ wọn sókè.

Ó fi ìwé kan ṣọwọ́ sí mi, èyí tí àwọn onímọ̀ ìṣirò méjì, David Gale àti Lloyd Shapley, kọ ní 1962. Ojú ewé méje péré. Ẹ̀rù ti ń bà mí pé màá bá òkìtì àmì níbẹ̀, àmọ́ ọ̀rọ̀ ẹnu lásán ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ọ̀rọ̀ ìgbéyàwó sì ni wọ́n fi ṣe àpẹẹrẹ. Mo kà á lẹ́ẹ̀mejì lórí àga ẹ̀yìnkùlé mi, inú bí mi. Ọmọ ọdún mélòó kan ni mo wà nígbà tí wọ́n kọ ọ́, mo sì lo gbogbo ọjọ́ ayé iṣẹ́ mi láìgbúròó rẹ̀.

Bí èmi ṣe ń ṣàlàyé rẹ̀ fún àwọn òbí rèé. Ìlànà wa àtijọ́ dà bí ìdílé tó so yìgì fún ọmọ wọn lọ́jọ́ mọ̀-mí-n-mọ̀-ọ́. Ẹni tó kọ́kọ́ kanlẹ̀kùn ló gbé ìyàwó lọ. Bí ẹni tó dára jù ú lọ bá dé lọ́sàn-án, wọ́n á ní àwọn ti fọ́mọ fọ́kọ. Ohun tí Gale àti Shapley sọ ni pé kí ẹ gba àlejò náà jókòó, ẹ fún un lómi, ṣùgbọ́n ẹ má tíì gba iṣu ìdána lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹni tí ẹ fẹ́ jù ú bá dé, ẹ bẹ ẹni àkọ́kọ́ kó máa lọ. Ẹni tí wọ́n ní kó máa lọ á kọjá sí ilé tó fi ṣe ìkejì lọ́kàn rẹ̀, ilé yẹn sì gbọ́dọ̀ wò ó bí ẹni pé àárọ̀ ló dé. Kò ní sí pé o ti pẹ́ jù. Ọjọ́ tí kò bá sí ẹni tó tún ń kanlẹ̀kùn kiri mọ́ ni gbogbo ilé á gba ìdána lẹ́ẹ̀kan náà. Gbà-á-ná ni mo ń pe èyí. Ti àtijọ́, gbà-á-pátá.

Lálẹ́ ọjọ́ tí mo dán an wò, wọ́n ti mú iná lọ. Mo tan àtùpà, mo to abọ́ kékeré mẹ́rin sórí tábìlì, ọmọ-ọmọ mi tó jẹ́ ọmọ ọdún mẹ́wàá sì bá mi ṣa ìdérí ìgò ẹlẹ́rìndòdò mẹ́rin, ó kọ orúkọ sí wọn lẹ́yìn. Abọ́ ni ọ̀gá, ìdérí ni ọmọ. A lo fọ́ọ̀mù ọdún àkọ́kọ́, ti àwọn mẹ́rin tí mo sọ yẹn.

Ọmọ elépo àti ọmọ oníyán bọ́ sínú abọ́ sólà. Sólà di ọmọ oníyán mú ná, ó lé ọmọ elépo. Ọmọ awakọ̀ wà lọ́dọ̀ télọ̀, ọmọ lébìrà wà lọ́dọ̀ káfíńtà. Títí débí, bákan náà ni pẹ̀lú ti àtijọ́. Ọmọ elépo wá kọjá sọ́dọ̀ télọ̀. Lọ́tẹ̀ yìí kò sẹ́ni tó sọ pé ibẹ̀ ti kún. Télọ̀ wo àwọn méjèèjì, ó mú ọmọ elépo, ó yọ ọmọ awakọ̀. Ọmọ-ọmọ mi ní, "Hẹ̀n-ẹ́n!" Ọmọ awakọ̀ gba ọ̀dọ̀ sólà lọ, ipò kejì rẹ̀. Sólà fẹ́ ẹ ju ẹni tó wà lọ́wọ́ rẹ̀ lọ, ni ọmọ oníyán tó ti jókòó pẹ̀lú ìfọ̀kànbalẹ̀ látàárọ̀ bá dìde. Ó lọ sọ́dọ̀ télọ̀, télọ̀ ní òun ti ní ẹni tó dára jù. Ó kọjá sọ́dọ̀ wẹ́dà, ìkẹta rẹ̀, abọ́ náà ṣófo, ó jókòó síbẹ̀. Kò sí ìdérí tó ń rìn mọ́.

Ọmọ elépo dọ́dọ̀ télọ̀, ọmọ awakọ̀ dọ́dọ̀ sólà, ọmọ lébìrà dọ́dọ̀ káfíńtà, ọmọ oníyán dọ́dọ̀ wẹ́dà.

Mo mọ ohun tí òṣèlú máa sọ. Lábẹ́ gbà-á-pátá, ọmọ mẹ́ta nínú mẹ́rin ló rí ipò kìíní wọn gbà. Lábẹ́ gbà-á-ná, ọ̀kan péré. Bó bá jẹ́ iye ẹni tó rí fáàsì ṣọ́ìsì gbà lẹ fẹ́ fi yangàn lórí rédíò, ti àtijọ́ ló dára jù, mi ò ní bá yín jà. Àmọ́ ẹ bi àwọn ọmọ náà léèrè ẹjọ́. Ọmọ oníyán lè bínú pé wẹ́dà lòun bọ́ sí. Bó bá lọ bá onísólà, onísólà á ní ẹni tí mo fẹ́ jù ọ́ ló wà níbí. Bó bá lọ bá télọ̀, ohun kan náà ni. Ẹjọ́ rẹ̀ tán níbẹ̀. Ọmọ elépo ti ọdún àkọ́kọ́ ní ẹjọ́, télọ̀ fúnra rẹ̀ sì ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Àti pé iye mẹ́ta tí ẹ ń kà yẹn, ìgbà tí ọmọ bá kọ òótọ́ nìkan ló nítumọ̀, òfin yẹn gan-an ló sì ń kọ́ wọn láti má kọ ọ́. Ní ti gbà-á-ná, bó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ ló ń kanlẹ̀kùn, àwọn onímọ̀ ti fi ìṣirò hàn pé kò sí irọ́ tí ọmọ kan lè pa lórí ipò tó máa ṣe é láǹfààní ju òótọ́ rẹ̀ lọ.

Ẹ ṣàkíyèsí ohun tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ sọ: bó bá jẹ́ pé àwọn ọmọ ló ń kanlẹ̀kùn. Ẹni tó ń tọrọ ló ń jẹ̀gbádùn òfin yìí jù. Bí ọ̀gá ló bá ń kanlẹ̀kùn ọmọ, òfin kan náà á máa tẹ̀ sápá ọ̀gá. Ti àwọn dókítà Amẹ́ríkà, ọ̀dọ̀ ọsibítù ni ìkànlẹ̀kùn ti ń bẹ̀rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Ìgbà tí àwọn dókítà ọ̀dọ́ bẹ̀rẹ̀ sí í kùn ni wọ́n pe Alvin Roth, onímọ̀ ètò ọrọ̀ ajé kan, òun àti Elliott Peranson tún un ṣe, láti 1998 sì ni ìkànlẹ̀kùn ti wá ń bẹ̀rẹ̀ láti ọ̀dọ̀ dókítà. Roth àti Shapley gba ẹ̀bùn Nobel ní 2012 lórí ọ̀rọ̀ yìí. Gale ti kú ní 2008, kò dùn mọ́ mi nínú.

Mo fẹ́ ká àwọn abọ́ nílẹ̀ nígbà tí ọmọ-ọmọ mi di ọwọ́ mi mú. "Màámá, ṣebí ọmọ elépo fẹ́ sólà jù, ọmọ awakọ̀ sì fẹ́ télọ̀ jù. Kí ló dé tí wọn ò pàrọ̀?"

Olóòtú, mo jókòó padà. Òótọ́ ni. Bí àwọn méjèèjì bá pàrọ̀, kálukú wọn á bọ́ sí ipò kìíní rẹ̀, kò sì sí ohun tó yí padà fún ọmọ oníyán, wẹ́dà náà ló ṣì wà. Ọmọ ọdún mẹ́wàá fi ojú rí ohun tí Shapley àti Herbert Scarf kọ jáde ní 1974. Ìlànà pàṣípààrọ̀ nìyẹn: kí a ka ẹni tí ọ̀gá kan fẹ́ jù sí ẹni tó ni ààyè náà, kí àwọn tó ni ààyè sì máa ṣe pàṣípààrọ̀ láàárín ara wọn títí kò fi ní sí ẹni tó tún lè rí èrè kún un. Òótọ́ sísọ kò pa ẹnikẹ́ni lára nínú ìyẹn náà. Fọ́ọ̀mù kan náà, òfin mẹ́ta, ìpín mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀, kò sì sí ìkankan nínú wọn tó mọ ọmọ káńsẹ́lọ̀.

Mo ní kó jẹ́ kí a pe ọmọ oníyán wá síbi ìpàṣípààrọ̀ náà lọ́kàn wa. Á ní, "Ẹ̀yin ní ìdánwò ọ̀gá ló máa sọ̀rọ̀. Ọ̀gá sólà fi mí síwájú ọmọ elépo. Báwo ni ọmọ elépo ṣe wá jókòó síbi tí mi ò lè jókòó sí?" Ẹjọ́ ti tún dé. Ọmọ náà ní, "Ṣebí kò pàdánù nǹkan kan." Mo ní, "Ṣé wà á lè sọ bẹ́ẹ̀ fún ìyá oníyán?" Ó mọ ìyá oníyán. Ó dákẹ́.

Ibi tí mo dúró sí nìyí, ẹni tó bá fẹ́ lè bá mi jiyàn. Níbi tí ẹ bá ti ní kí ọmọ ṣe ìdánwò, tí ẹ sì sọ fún un pé ipò tó gbà níbẹ̀ ló máa pín ààyè, ẹ lo gbà-á-ná, nítorí ìlérí lẹ ṣe. Níbi tó bá jẹ́ pé ẹni tí ààyè bá bọ́ sí lọ́wọ́ kò kan ẹnikẹ́ni, bíi bẹ́ẹ̀dì ní họ́sítẹ́ẹ̀lì tàbí ìsọ̀ lọ́jà tuntun, ẹ jẹ́ kí wọ́n pàrọ̀ títí ilẹ̀ á fi ṣú. Gbà-á-pátá, mi ò rí ibi tó dára sí. Ìlú Boston ní Amẹ́ríkà lò ó fún iléèwé àwọn ọmọ wọn tó bẹ́ẹ̀ tí àwọn onímọ̀ fi ń fi orúkọ ìlú náà pè é. Àwọn òbí tó mọ ọ̀nà níbẹ̀ máa ń kóra jọ láti bá ara wọn sọ ibi tó yẹ kí wọ́n fi sí ipò kìíní, gẹ́gẹ́ bí àwọn ọmọ SS3 ṣe ń wá sí ọ́fíìsì mi. Òbí tí kò mọ̀ á kọ òótọ́, ọmọ rẹ̀ á jẹ àjẹkù. Wọ́n pa á tì ní 2005. New York ti bọ́ sí gbà-á-ná fún sẹ́kọ́ńdìrì wọn ní 2003. Ní England, láti 2007 ni òfin ìjọba ti kọ̀ ọ́ fún iléèwé láti fi ẹni tó fi wọ́n ṣe àkọ́kọ́ ṣíwájú ẹlòmíràn.

Mo kó fọ́ọ̀mù ọdún kejì yẹn padà fún gbogbo wọn. A pe àwọn òbí jọ, mo gbé abọ́ mi lọ, mo tò ó sórí bẹ́ǹṣì lójú gbogbo wọn. Mo ní kí ìyá elépo fúnra rẹ̀ máa gbé ìdérí náà. Nígbà tó dé ibi tí télọ̀ ti yọ ọmọ awakọ̀, ó gbé ìdérí ọmọ rẹ̀ sọ́wọ́, ó wò ó, kò fẹ́ fi í sínú abọ́. Ọmọ rẹ̀ kọ fọ́ọ̀mù tuntun, kò yí nǹkan kan padà lórí ti tẹ́lẹ̀: sólà lókè, télọ̀ tẹ̀ lé e. Télọ̀ ló rí gbà. Àwọn tó fi wẹ́dà ṣe àkọ́kọ́ sì ku méjì. Ọ̀gá wẹ́dà ní inú òun dùn sí i, ó ní ó ti rẹ òun kí ọmọ máa sá lọ.

Kò lọ geere tán o. Onísólà fẹ́ wo ohun tí àwọn ọmọ kọ kó tó to orúkọ wọn. Mo kọ̀, nítorí gbà-á-ná kò dí ọgbọ́n ẹ̀wẹ́ mọ́ ọ̀gá lẹ́nu bó ṣe dí i mọ́ ọmọ. Níbi tí ọ̀gá bá ti ní ọmọ méjì dọ́gba lójú òun, a ṣẹ́ gègé ní gbangba. Àwọn tó fún wa níṣòro jù ni ìbejì kan. Ìyá wọn ní àwọn méjèèjì gbọ́dọ̀ wà ní ìlú kan náà, yálà Ìkọ̀lé tàbí Ọ̀yẹ́, nítorí owó ọkọ̀. Bí Kẹ́hìndé bá rí ààyè ní Ọ̀yẹ́, Táyé á ní láti fi ti Ìkọ̀lé sílẹ̀. Ẹni tí Táyé ti lé kúrò ní Ìkọ̀lé tẹ́lẹ̀ á tún padà wá. Ìyẹn náà á lé ẹlòmíràn. Ìdérí ń yí po lórí tábìlì mi títí di aago mọ́kànlá alẹ́. Mo pe dókítà mi, ó ní àwọn tọkọtaya tí wọ́n jọ ń wá ọsibítù ń dá irú rẹ̀ sílẹ̀ lọ́dọ̀ tiwọn, àti pé nígbà míì kò ní sí ìpín kankan rárá tí ẹnikẹ́ni kò ní lè pe ẹjọ́ lórí rẹ̀. Ohun tí mo ṣe ni pé mo lọ bẹ ọ̀gá kan ní Ìkọ̀lé kó fi àga kan kún un. Kò sí ìṣirò nínú ìyẹn.

Nítorí náà, Olóòtú, bí ẹnikẹ́ni bá tún kéde fún yín pé kọ̀ǹpútà lòun fẹ́ fi pín ààyè fún àwọn ọmọ wa, yálà iléèwé ni o, iṣẹ́ ni o, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa bi í léèrè nǹkan méjì kí ẹ tó tẹ fọ́tò rẹ̀ jáde. Bí ọmọ kan bá pàdánù ipò kìíní rẹ̀, tó dé ọ̀dọ̀ ìkejì, ṣé wọ́n á wò ó bí ẹni tó dé láàárọ̀, àbí wọ́n á ní ibẹ̀ ti kún? Ta ló sì ń kanlẹ̀kùn ta? Kó kọ èsì rẹ̀ sílẹ̀, kí ẹ tẹ̀ ẹ́ jáde ní Yorùbá tí ìyá elépo lè kà.

Mo ní láti dánu dúró níbí. Fọ́ọ̀mù tọdún yìí ti wà lórí tábìlì mi, 17 ni wọ́n, ọmọ méjì kò tíì kọ ju ipò kan lọ. Ọjọ́ ọjà ni òní, mo mọ ibi tí màá ti rí ìyá wọn.

Èmi ni tiyín nítòótọ́,

Ìyá Oníṣirò,
Ìkọ̀lé-Èkìtì.